Ife Omi Tí Mo Fi Ọwọ́ Òsì Gbé fún Àǹtí Sìdí

Bí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín pé Pákínsìn ló ń ṣe yín, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún èmi náà rí. Sàúdátù lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Káfáyá ni gbogbo àdúgbò Peckham, nílùú òyìnbó níbí, ń pè mí. Mi ò ní ka orúkọ iṣan ọpọlọ kankan fún yín, nítorí mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, àti àṣìṣe tí mo ṣe, torí pé àṣìṣe náà dùn mí ju àìsàn ọ̀hún lọ.

Imú mi ló kọ́kọ́ lọ. Ilé ìdáná iléèwé àwọn ọmọ kéékèèké ní Bermondsey ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, ìrẹsì jóná mọ́ ìdí ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló sáré wọlé wá pa iná. Mi ò gbóòórùn ohunkóhun. Mo ní bóyá òtútù ló dí mi nímú. Lẹ́yìn ìyẹn ni èjìká ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, dókítà àdúgbò sì ní èjìká ló gan, ó fún mi ní oògùn ìrora. Ìkọ̀wé mi, tí mo fi ń kọ ohun tí a fẹ́ rà lọ́jà, wá ń kéré sí i, títí ó fi dà bí ẹsẹ̀ èèrà. Àwọn ọmọ iléèwé tí mò ń bu oúnjẹ fún bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ta ló ṣẹ̀ mí. Inú ò bí mi. Ojú mi ni kò rẹ́rìn-ín mọ́, èmi fúnra mi ò sì mọ̀.

Káfáyá, ọmọ mi obìnrin tí a bí síbí, ló rí èyí tó kù. À ń rìn lọ ní Rye Lane lọ́jọ́ kan ló dúró, tó ń wò mí.

“Mummy, why are you walking like that? Ọwọ́ yín yìí ò move rárá.”

Òótọ́ ni. Ọwọ́ òsì mi ń fì síwá sẹ́yìn, tọ̀tún sì rọ̀ gbọọrọ bí apá aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó má yọ mí lẹ́nu, pé iṣu tí mo gbé ló wúwo. Ọwọ́ òsì ni iṣu ọ̀hún sì wà.

Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ Àǹtí Sìdí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni wọ́n, Deptford ni wọ́n sì ń gbé. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi, Alhaji, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, ilé wọn la wọ̀ sí. Nígbà tí mo bí Káfáyá, àwọn ni wọ́n ń wẹ ọmọ láàárọ̀ lálẹ́ fún ogójì ọjọ́, àwọn náà ni wọ́n ń fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ̀ mí níkùn tí mo fi ń ké. Ẹnu wọn mú, wọn kì í gba ìgbàkugbà, ṣùgbọ́n mi ò ní ìyá nílùú yìí bí kò ṣe wọn. “Ìyàwó” ni wọ́n ń pè mí, àní lẹ́yìn tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Èmi náà sì mọ̀ wọ́n kí. Orúnkún méjèèjì ni mò ń fi kanlẹ̀, kì í ṣe ti àwọn ìyàwó òde òní tí wọ́n ń tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú owó ẹyọ tó jábọ́.

Nínú ààwẹ̀ ọdún náà, wọ́n wá ṣínu lọ́dọ̀ wa. Àwọn obìnrin mẹ́rin kan láti ẹgbẹ́ àdúrà mọ́ṣáláṣí wa wà níjokòó. Bí ìpè ìrun ti dún lórí fóònù, Àǹtí Sìdí nawọ́.

“Ìyàwó, bá mi gbé omi.”

Mo bomi sínú ife. Ọwọ́ ọ̀tún mi ò gbé e. Mo ní kó gbé e, kò gbé e, ó kàn dúró lórí tábìlì bí ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo fi òsì gbé e, mo rìn lọ bá wọn. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún mi le bí igi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá kúnlẹ̀ lójú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn, mi ò ní lè dìde. Mo bá dúró ṣánṣán, mo na ife sí wọn.

Wọ́n wo ife náà. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n sì wo ojú mi tí kò rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó, ṣé èmi lò ń na nǹkan sí?”

“Ẹ gbà, mà,” ni mo sọ.

Wọ́n gba ife náà, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n mú dàbínù kan nínú báàgì wọn, òun ni wọ́n fi ṣínu. Wọ́n kírun tán, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, wọ́n lọ. Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ mi. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi fi gbé omi ìṣínu fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lójú àlejò.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ pé ọwọ́ ń dùn mí. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń bọ̀, mo rò pé wọ́n á lé mi níbi iṣẹ́, mo tún rò ó pé bóyá ẹnì kan ló ṣe mí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní aláfojúdi ju kí wọ́n pè mí ní aláìsàn lọ. Báyìí ni mo ṣe ronú nígbà náà.

Káfáyá ló fà mí padà sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n kọ ìwé pé kí n lọ rí àgbà dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá, a sì dúró de ìwé ìpè láti ìgbà òtútù títí igi pápá Peckham Rye fi rúwé. Nígbà tí ọjọ́ pé, a jókòó lórí àga lára ògiri, a ò mọ ìgbà tó máa kàn wá. Bàbá òyìnbó kan jókòó sí ọ̀kánkán mi, ìwé ìròyìn ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń dún wàràwàrà. Mo yíjú kúrò, mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí tèmi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, yàrá kan náà ni wọ́n tún pe èmi náà sí lẹ́yìn rẹ̀.

Dókítà ní kí n máa fi ìka kan ìka, kí n rìn lọ rìn bọ̀, kí n kọ gbólóhùn kan. Ó wo ìwé ẹsẹ̀ èèrà mi pẹ́. Ó wá sọ ọ́. Ó ní kì í ṣe àìsàn tó ń pani kíákíá, ṣùgbọ́n kì í lọ. Ó ní oògùn wà, ó sì ní kí n máa mú ara lò, pé ìyẹn náà bí oògùn ni. Èyí tó sọ gbẹ̀yìn yìí, mi ò gbọ́ ọ dáadáa lọ́jọ́ náà. Káfáyá sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí a fi délé. Èmi ò sunkún, ó sì rò pé mo láyà. Mo ń sunkún nínú, ojú mi ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́.

Bí a ti délé ni mo ní kí Alhaji àti Káfáyá ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́, pàápàá jù lọ Deptford.

“Ìyá Káfáyá,” Alhaji ní, “ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ omi yẹn ṣì wà lọ́kàn wọn.”

“Ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní aláìsàn ni mo di sí yín lọ́rùn.”

Alhaji gbà fún mi. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni wọ́n ń lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn, gbogbo ìgbà ni Àǹtí sì ń bèèrè pé ìyàwó àwọn ńkọ́, Alhaji á ní mo wà níbi iṣẹ́. Iléèwé kì í ṣí ní Sunday. Àǹtí Sìdí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mo tún sọ fún ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Abẹ́òkúta, nítorí ó jìnnà. Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé tí ìgò àgbo méjì fi dé, pẹ̀lú hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì, láti ọ̀dọ̀ àfáà, tí n ó máa mu láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi oògùn òyìnbó sílẹ̀ fún oṣù kan, kí àgbo lè ráyè ṣiṣẹ́. Mo fi í sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mi ò lè yí ara mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Alhaji àti Káfáyá ló gbé mi dìde bí ẹni gbé pákó, itọ́ sì ń dà lẹ́nu mi. Ẹ gba àdúrà, èmi náà ń gbà á títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ má dédé dá oògùn yín dúró nítorí pé ẹnì kan tó wà lókè òkun pàṣẹ rẹ̀ lórí fóònù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìfẹ́ wá fẹ́ pa mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má dà bí àìmoore. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, aláìsàn kì í ṣiṣẹ́, ọmọ tó bá jókòó tí ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀, wọn ò kọ́ ọ nílé. Bí mo bá dìde, Káfáyá á ní, “Mummy, sit down, I’ve got it.” Ó ń wọ aṣọ fún mi, ó ń de bọ́tìnnì, ó ń gé ẹran mi wẹ́wẹ́. Alhaji ń tẹ ẹ̀bà tó ní kókó, mo ń jẹ ẹ́. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Orí àga ni mo ti ń kírun. Kò ju oṣù mẹ́fà lọ tí mo fi di ẹni tí ń fi ògiri rìn. Bí mo bá dé ẹnu ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ mi á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, mo máa dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn níṣòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kí n kúkú kú.

Ilé ìwòsàn ló ní kí n lọ sí kíláàsì kan ní gbọ̀ngàn àdúgbò, ní gbogbo Tuesday. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń mú ara lò ló wà níbẹ̀. Ó bi wá níkọ̀ọ̀kan pé kí ni a máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí a fẹ́ padà máa ṣe. Ẹnì kan ní ọgbà, ẹnì kan ní òun fẹ́ gbé ọmọ-ọmọ òun. Mo ní mo fẹ́ kúnlẹ̀.

“Láti gbàdúrà?” ló bi mí.

“Láti kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ṣe é kí òun rí i. Mo lọ sílẹ̀ gbì bí àpò gaàrí, mi ò sì lè dìde. Èèyàn méjì ló gbé mi. Ẹkún tí mi ò rí sun nínú bọ́ọ̀sì, ọjọ́ náà ló jáde. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ó dáa, ibẹ̀ gan-an la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wá bá ara mi ṣe ìpinnu kan. Ọjọ́ tí mo bá lè kúnlẹ̀ kí n sì dìde láìdi ẹnikẹ́ni mú, ọjọ́ náà ni mo máa lọ sí Deptford, màá kúnlẹ̀ fún Àǹtí Sìdí, màá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé omi fún wọn, màá sì sọ gbogbo rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. À ń gbé ẹsẹ̀ gígùn, à ń ka ẹní, èjì sókè bí ọmọ iléèwé, à ń gbá afẹ́fẹ́ ní ẹ̀ṣẹ́. Bàbá oníwèé ìròyìn ọjọ́sí náà wà níbẹ̀, òun ló ń ka ẹní, èjì sókè jù. Nílé, mo gbé ìrọ̀rí sílẹ̀, mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń kúnlẹ̀, mò ń dìde. Káfáyá wọlé bá mi nílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

“Mummy, what are you doing? Ẹ máa ṣubú!”

“Bí mo bá ṣubú, wàá gbọ́ gbì. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ.”

Èmi àti Alhaji ń rìn yí pápá Peckham Rye ká láràárọ̀. Bí ẹsẹ̀ mi bá lẹ̀, Alhaji á mú tẹ̀súbáà, wọ́n á máa fà á, èmi á máa pe “Sùbúhánalláhì” lẹ́yọ lẹ́yọ, mo máa gbé ẹsẹ̀ kan lé orí ìkọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin kíláàsì ní ẹsẹ̀ tó ti gbàgbé ìrìn ṣì máa ń rántí ìlù àti òǹkà.

Kò sí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yá mo lè yí ara mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo lè de bọ́tìnnì mi bí mo bá ní sùúrù, mo sì ń bú Alhaji nítorí ẹ̀bà wọn, tí wọ́n fi mọ̀ pé mo ti ń padà bọ̀.

“Jẹ́ ká lọ sí Deptford báyìí,” Alhaji ń sọ. “Jókòó bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní bèèrè orúnkún lọ́wọ́ ẹ.”

“Rárá. Ìkúnlẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kó pé.”

Mò ń múra ìkúnlẹ̀ bí ẹni ń múra ọdún. Mo rò pé èmi nìkan ni àìsàn mọ̀ nínú ẹbí wa.

Ọjọ́ Thursday kan ni mo kúnlẹ̀, tí mo dìde láìdi nǹkankan mú. Káfáyá fi fóònù ká a sílẹ̀, òun àti bàbá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. A ní Sunday la ó lọ. Láàárọ̀ Saturday ni Múká, ọmọ Àǹtí Sìdí, pe bàbá Káfáyá. Ó ní ìyá òun ti ṣubú nílé ìdáná. Rọpárọsẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n gbé wọn wálé láti ilé ìwòsàn, a lọ. Bẹ́ẹ̀dì wọn wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ò sì jáde mọ́. Mo ti ka àkókò oògùn mi dáadáa kí ara mi lè rọ̀. Mo kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò dì mí mú. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife. Ó gbọ̀n, ìdajì omi náà dà sí ìró mi, ṣùgbọ́n mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àǹtí Sìdí ń wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá rọra yọ ọwọ́ òsì jáde lábẹ́ aṣọ ìbora, wọ́n nà án, ó kù díẹ̀ kó kan ife ni wọ́n bá fà á padà, wọ́n sì yíjú sí ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lórí ìrọ̀rí níbi tí Múká tẹ́ ẹ sí, kò mira. Ojú ń tì wọ́n láti fi òsì gba omi lọ́wọ́ mi.

“Ẹ fi gbà á bẹ́ẹ̀, mà,” mo ní. “Èmi náà, òun ni mo ní lọ́jọ́ yẹn.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, imú, èjìká, orúnkún, ẹ̀rù, irọ́ Sunday. Wọ́n gba ife. Múká gbé orí wọn sókè, wọ́n mu díẹ̀. Omi bọ́ lójú wọn kan, ojú tí kì í gbẹ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú, nítorí náà mi ò lè sọ fún yín pé ẹkún ni. Ohùn kan jáde lẹ́nu wọn. Múká ní “Ìyàwó” ni wọ́n pè. Ọmọ dáadáa ni Múká, ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ tù mí nínú. Mo dìde fúnra mi, mo sì ṣe tán láti fi gbogbo ìdìde náà pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá já geere lẹ́nu wọn.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ni wọ́n re ibi àgbà ń rè. Kí Ọlọ́run kẹ́ wọn.

Báyìí, oògùn mi ti di ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ẹsẹ̀ òsì náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò lè jáde, mo máa ń sunkún láwọn ọjọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Síbẹ̀, Tuesday kì í kọjá kí n má lọ kíláàsì. Mò ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, kò sẹ́ni tó wà níwájú mi, mo sì ń dìde. Bí mo bá na nǹkan sí àgbà pẹ̀lú òsì ní mọ́ṣáláṣí, mo máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bèèrè pé Pákínsìn ni, mà.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fi ìfẹ́ mú yín jókòó títí ẹ ó fi kú. Ẹ rìn, ẹ gbálẹ̀, ẹ gún iyán bí ẹ bá lè gún un. Ẹni tí ẹ bá sì jẹ ní ọ̀rọ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ara yín máa dá. Ẹ lọ bí ẹ ṣe ń gbọ̀n.

Ọwọ́ òsì ni mo fi tẹ gbogbo èyí sórí fóònù Káfáyá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbà á bẹ́ẹ̀.